Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìpèsè Kámẹ́rà Díjítà Ṣáájú Yíya Fídíò Akẹ́kọ̀ọ́

Olùkọ́ tí ó bá kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ ní Ìṣẹ́yìn láti ya fídíò bí a ti ń hun aṣọ òfì, tí ó sì fẹ́ fi èdè Yorùbá ṣe àlàyé kámẹ́rà, yóò rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà, "ìyára", ni ó máa ń kọ́kọ́ wá síni lẹ́nu fún ohun méjì tí kò jọra: iye ẹyọ àwòrán tí kámẹ́rà ń yà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, àti bí ìmọ́lẹ̀ ti ń pẹ́ tó lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá ní kí ó "dín ìyára kù" kò ní mọ èyí tí yóò dín. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ yẹ ètò tí a ń ṣe sí kámẹ́rà wò, kí a sì dábàá orúkọ fún wọn.

Ojú ènìyàn ni àpèjúwe tí ó súnmọ́ kámẹ́rà jù lọ, èdè wa sì ti ní orúkọ fún ẹ̀yà ojú. Ihò inú lẹ́ǹsì, tí ó ń fẹ̀ tí ó sì ń súnkì, ni kí a pè ní ọmọlójú. Ohun tí ń ṣí tí ó sì ń padé kí ìmọ́lẹ̀ lè kan agbàmọ́lẹ̀ inú kámẹ́rà ni ìpéǹpéjú. (Bí a bá ń ya fídíò, ìpéǹpéjú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà òde òní kì í mì rárá, iná ni ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Orúkọ náà kò yẹ̀ nítorí èyí.) Ó lè wu ẹlòmíràn kí a pe àkókò tí ó fi ṣí sílẹ̀ ní "ìṣẹ́jú", nítorí pé ojú ni ó ń ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti di òṣùwọ̀n àkókò láti ọjọ́ pípẹ́, orí akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì dàrú bí a bá sọ pé ìṣẹ́jú jẹ́ ìdá kan nínú 50 ìṣẹ́jú-àáyá. Àkókò ìlajú ni a fara mọ́.

Nọ́ńbà ọmọlójú gba ìṣọ́ra. Bí òṣùwọ̀n tí a kọ sí ara lẹ́ǹsì bá jẹ́ mìlímítà 50, tí a sì yan nọ́ńbà 2, ihò náà fẹ̀ ní mìlímítà 25; bí a bá yan 10, mìlímítà 5 péré ni. Nọ́ńbà ńlá, ihò kékeré: ibẹ̀ ni ó ti rọrùn láti ṣìnà. Kí a má ṣe pè é ní "ìwọ̀n ọmọlójú" rárá. Ohun tí a fi ń pín òṣùwọ̀n lẹ́ǹsì ni. Nọ́ńbà ìfipín ni ó yẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ iná ni ó le jù. Iná mọ̀nàmọ́ná ilẹ̀ Nàìjíríà a máa lọ a máa bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ gílóòbù a máa mọ́lẹ̀, a sì tún máa ṣe bàìbàì, ní ìgbà 100 láàárín àkókò yẹn. Ojú wa kò rí i. Kámẹ́rà rí i. Bí àkókò ìlajú bá jẹ́ ìdá kan nínú 50 ìṣẹ́jú-àáyá, ìtànná méjì gbáko ni yóò bọ́ sórí ẹyọ àwòrán kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ ìdá kan nínú 60, ìtànná kan àti àbọ̀ lé díẹ̀ ni, ìmọ́lẹ̀ kò sì ní dọ́gba mọ́. Ilà dúdú yóò máa rìn lórí àwòrán. Kámẹ́rà tí a ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, níbi tí iná ti ń lọ tí ó ń bọ̀ ní ìgbà 60, sábà máa ń ya ẹyọ 30 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá. Kí olùkọ́ yí i sí ẹyọ 25, kí àkókò ìlajú sì jẹ́ ìdá kan nínú 50. Iye-ẹyọ ni a dábàá fún ti ìṣáájú. "Ìyára", kí a fi í sílẹ̀ fún mọ́tò.

Àpèjúwe ojú kò bá wa dé òpin. Bí a bá kúrò nínú oòrùn wọ inú ilé, ojú wa a máa tún ara rẹ̀ ṣe, tí aṣọ funfun fi ń jẹ́ funfun lábẹ́ gílóòbù tí ó pọ́n rúsúrúsú. Kámẹ́rà ní láti gba àṣẹ. Bí a bá fi ètò oòrùn ya aṣọ lábẹ́ irú gílóòbù bẹ́ẹ̀, sányán yóò pọ́n ju bí ó ti yẹ lọ, ẹtù yóò sì dà bí dúdú lásán. Fídíò tí a fẹ́ fi pa iṣẹ́ ahunṣọ mọ́ yóò wá máa parọ́ mọ́ ọn. Ohun tí a ń ṣe ni pé a ń gbé bébà funfun síwájú kámẹ́rà lábẹ́ iná tí a óò lò gan-an. "Ìdọ́gba funfun", tí ó jẹ́ ìtumọ̀ tààrà láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Ìfi-funfun-hàn sọ ọ́.

Ètò tí a kọ lẹ́tà ISO sí ńkọ́? Ní ayé fíìmù, "agbára ìgbamọ́lẹ̀" tọ̀nà, nítorí pé fíìmù kan ń gba ìmọ́lẹ̀ ju òmíràn lọ. Agbàmọ́lẹ̀ kámẹ́rà díjítà kò gba ìmọ́lẹ̀ kún ti tẹ́lẹ̀ bí a bá gbé nọ́ńbà náà láti 400 sí 6400. Ohun tí ó ti gbà ni a ń gbé sókè, bí ìgbà tí a yí ohùn rédíò sókè tí ariwo ṣìì-ṣìì inú rẹ̀ náà gòkè. Wíńníwíńní a sì kún àwòrán. Ìgbésókè-àmì ni a yàn.

"Ìfojúsùn" ti di ète lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìtẹjúmọ́ ni kí a lò fún mímú ohun tí a ń yà hàn kedere. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún kámẹ́rà, ó lè máa sáré tẹ̀ lé ọ̀kọ̀ tí ahunṣọ ń jù sọ́tùn-ún sósì. Kí a tẹjú mọ́ ibi tí òwú ti ń di aṣọ, kí a sì tì í pa síbẹ̀. Bátìrì, káàdì àti máìkì ti ní orúkọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀. A kò rí ìdí tí a óò fi pààrọ̀ wọn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ya ìṣẹ́jú kan fún ìdánwò, kí wọ́n sì wò ó tán, kí ahunṣọ tó jókòó sí ìdí òfì.