Kí A Tó Sọ Yímíyímí Lórúkọ

Bí a bá sọ fún ènìyàn pé ọ̀mọ̀wé kan di ẹrù rẹ̀, ó sọdá òkun, ó sì ń wá imí ẹranko kiri inú igbó nítorí kòkòrò tí kò tó èékánná ọwọ́, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ pa á. Yóò ní, "Ṣé iṣẹ́ ti tán láyé ni?" Àwa kò bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jà, nítorí yímíyímí kì í ṣe ohun tí a fi ń yangàn láwùjọ. Ṣùgbọ́n a bẹ ẹ̀yin òǹkàwé wa kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tẹnu wa lónìí, nítorí ọ̀rọ̀ tí ó wà nídìí kòkòrò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Iṣẹ́ ńlá ni yímíyímí ń ṣe. Bí ẹran bá ti yàgbẹ́, kòkòrò náà yóò dé, yóò bu tirẹ̀, yóò rì í mọ́lẹ̀, yóò sì yé ẹyin sí i. Nípa bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ fi ń rí ajílẹ̀, tí afẹ́fẹ́ fi ń wọ inú erùpẹ̀, tí eṣinṣin kò sì fi ń rí ibi tí yóò ti máa bí sí i. Ẹni tí ó bá ń ṣe iyèméjì, kí ó wo ilẹ̀ Ọsirélíà. Nígbà tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó màlúù dé ibẹ̀ ní 1788, imí ẹranko ìbílẹ̀ bí kangarúù ni àwọn yímíyímí ibẹ̀ mọ̀. Wọn kò lè kápá ti màlúù. Imí gbẹ mọ́ pápá, ó bo koríko mọ́lẹ̀, eṣinṣin sì di ìyọnu. Àfi ìgbà tí George Bornemissza àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kó yímíyímí láti ilẹ̀ Áfíríkà àti ibòmíràn lọ síbẹ̀, láti nǹkan bí ọdún 1965 lọ, ni ìtura tó bẹ̀rẹ̀ sí dé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ń lọ gan-an ni Madagásíkà, erékùṣù ńlá tí ó wà nínú Òkun Íńdíà, ní nǹkan bí 400 kìlómítà sí etí ilẹ̀ Áfíríkà. Kí ènìyàn tó kó màlúù débẹ̀, lára imí lémúrì, ẹranko orí igi tí ó bá ọ̀bọ tan, ni ọ̀pọ̀ yímíyímí ibẹ̀ ti ń jẹ. Nítorí pé òkun ti yà wọ́n sọ́tọ̀ láti ayébáyé, ó fẹ́rẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ẹ̀yà tí ó wà níbẹ̀ ni a kò lè rí níbòmíràn. Òmíràn kò sì ní ju orí òkè kan tàbí igbó kan ṣoṣo lọ ní ilé.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń ṣe. Wọn a ri ife mọ́lẹ̀ nínú igbó, wọn a fi imí ṣe ìjẹ sí i, wọn a sì padà wá wo ohun tí ó bọ́ sínú rẹ̀. Wọn a wọn kòkòrò náà, wọn a wo ìwo rẹ̀ àti ilà ẹ̀yìn rẹ̀, wọn a sì fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo nǹkan ọkùnrin akọ rẹ̀, nítorí pé méjì lè jọra lójú kí wọ́n má sì jẹ́ ọ̀kan náà. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò fi í wé èyí tí àwọn aṣáájú wọn ti kó pamọ́. Bí kò bá bá ọ̀kankan dọ́gba, wọn yóò fún un ní orúkọ onípín méjì gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí Linnaeus ọmọ ilẹ̀ Súwídìn fi lélẹ̀ fún ẹranko ní 1758, wọn yóò tẹ àpèjúwe rẹ̀ jáde, wọn yóò sì yan kòkòrò kan ṣoṣo ṣe ẹlẹ́rìí. Bí àríyànjiyàn bá dé lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rìí yìí ni a óò padà sí.

Àwọn baba wa náà wo ilé kí wọ́n tó sọ orúkọ: ẹni tí ń yí imí ni wọ́n pè ní yímíyímí. Ṣùgbọ́n ìran kan wà ní Madagásíkà tí a ń pè ní Helictopleurus, tí kì í yí imí rárá. Abẹ́ imí gan-an ni ó ń gbẹ́ ihò sí.

Láàárín 2002 sí 2006, Ilkka Hanski, ọmọ ilẹ̀ Fínlándì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ìran yìí àti àwọn ìbátan rẹ̀ káàkiri erékùṣù náà. Nínú ẹ̀yà 51 tí àkọsílẹ̀ àtijọ́ sọ ibi tí a ti mú wọn, 29 péré ni wọ́n rí. Méjìlélógún kò jẹ́ ìpè. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007, wọ́n ṣàlàyé pé láti 1953 erékùṣù náà ti pàdánù nǹkan bí ìdajì igbó rẹ̀, àti pé ibi tí igbó ti parun ni a ti ń wá yímíyímí tì.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé méjìlélógún kò sí? Nítorí pé ẹnìkan ti sọ wọ́n lórúkọ ṣáájú ni. Èyí tí ó parun kí ẹnikẹ́ni tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ta ni yóò pè é, ta ni yóò sì mọ̀ pé kò dáhùn?

Àwọn kan yóò wí pé ebi ni ó ń mú àgbẹ̀ Madagásíkà dáná sun igbó láti gbin ìrẹsì, àti pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Òtítọ́ ni, àwa kò sì pe àgbẹ̀ náà ní ènìyàn búburú. Wọ́n tún lè wí pé àwọn yímíyímí kan ti kọ́ láti máa jẹ imí màlúù ní pápá gbangba, wọ́n sì ń gbilẹ̀. Èyí náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni wọ́n. Èyí tí ó pọ̀ jù kò lè gbé níbi tí kò sí igbó.

Ohun kan tún wà tí kò dùn mọ́ wa nínú. Madagásíkà gba òmìnira lọ́wọ́ ilẹ̀ Faransé ní 1960, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn kòkòrò ẹlẹ́rìí tí a ń wí yìí ṣì wà ní Páríìsì. Ọmọ erékùṣù náà tí ó bá fẹ́ fi kòkòrò ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ wé ti àtijọ́ ní láti sọdá òkun, tàbí kí ó máa bẹ̀bẹ̀. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí àwọn tí owó ẹ̀kọ́ wà lọ́wọ́ wọn kọ́ àwọn ọmọ Madagásíkà ní iṣẹ́ yìí lọ́pọ̀lọpọ̀, kí a kọ́ ilé ìkópamọ́ tí ó yẹ fún wọn ní Antananarivo, kí a sì dáàbò bo ìwọ̀nba igbó tí ó kù, nítorí orúkọ nìkan kò lè dá ẹ̀mí sí.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá tún gbọ́ pé wọ́n ti sọ yímíyímí tuntun lórúkọ ní erékùṣù kan, kí ó má ṣe rẹ́rìn-ín mọ́. Kí ó béèrè igbó tí wọ́n ti rí i, kí ó sì béèrè bóyá igbó náà ṣì wà.