Òpó Ààlà Kò Lẹ́nu: Òótọ́ àti Irọ́ Nípa Iṣẹ́ Wọnlẹ̀wọnlẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí irọ́ ṣe ń rìn lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, kó lọ jókòó ti ajẹ́ntì ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì tàbí Mowé. Yóò gbọ́ "ilẹ̀ gbígbẹ ni", yóò gbọ́ "sọ́fè wà", yóò gbọ́ "ẹ̀kísíṣọ̀n ń bọ̀ lọ́nà". Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ irọ́. Ajẹ́ntì kàn mọ̀ pé ohun tójú rí ló ń yá oníbàárà lórí: òpó símẹ́ńtì, bébà tí wọ́n fi ìlà pupa yí ilẹ̀ ká nínú rẹ̀, àwòrán sátẹ́láìtì lórí fóònù. Ẹni tó wọn ilẹ̀ náà, tí yóò dúró ní kóòtù bí ìwọ̀n rẹ̀ bá wọ́, kò sẹ́ni tó ń bèèrè rẹ̀. Orí ẹni yẹn gan-an sì ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé.

"Sọ́fè ti wà lọ́wọ́ mi, ilẹ̀ ti di tèmi"

Nínú gbogbo irọ́ tó wà lórí ilẹ̀, èyí ló ti jẹ owó àwọn èèyàn wa jù lójú tèmi. Pláànù sọ́fè ń sọ ibi tí ilẹ̀ wà, bó ṣe tóbi tó àti bí igun rẹ̀ ṣe rí. Orúkọ tó wà lókè rẹ̀ ni orúkọ ẹni tó gbé iṣẹ́ fún wọnlẹ̀wọnlẹ̀. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ kò bèèrè ìtàn ìdílé kó tó kọ orúkọ yẹn síbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ nìyẹn.

Ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba lórí ilẹ̀ Okere ní Warri, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà to ọ̀nà márùn-ún sílẹ̀ tí èèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ìtàn bí ilẹ̀ ṣe dé ọwọ́ ìdílé. Èkejì ni ìwé ilẹ̀ tó dúró dáadáa. Ẹ̀kẹta ni ìwà onílẹ̀ tí èèyàn ti ń hù lórí rẹ̀ láìsẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ wò, irú bíi kó máa tà níbẹ̀, kó máa gba ìṣákọ́lẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni pípẹ́ lórí ilẹ̀, ẹ̀karùn-ún sì ni níní ilẹ̀ tó so mọ́ ọn lọ́nà tó fi jọ pé ẹni kan náà ló ni méjèèjì. Pláànù sọ́fè nìkan kò sí nínú márààrún. Àní C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí gómìnà ń fúnni, pàápàá kò kọjá ìbéèrè. Nínú ẹjọ́ Ogunleye àti Oni ní 1990, ilé ẹjọ́ kan náà sọ pé ẹ̀rí tí wọ́n lè jà níyàn ni ìwé yẹn: bí ẹni tí gómìnà fún kò bá ní ẹ̀tọ́ kankan sí ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, ìwé kò lè dá ẹ̀tọ́ sílẹ̀ fún un.

Ẹ wo Herbert Macaulay. Ó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Plymouth, ó padà sí Èkó ní 1893, ó bá ìjọba ṣiṣẹ́ lórí wíwọn ilẹ̀ títí di 1898, kó tó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ tó sì dá tirẹ̀ dúró. Àwọn tó mọ ilẹ̀ wọ̀n jù ú lọ ní Èkó ìgbà yẹn kò lè pọ̀. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá, tí Olóyè Olúwa, Amodu Tijani, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, àwọn olóyè onílẹ̀ Èkó, gbé ẹjọ́ náà dé London, Macaulay bá a lọ ní 1920. Ìdájọ́ Privy Council, ilé ẹjọ́ ìkẹyìn fún àwọn ilẹ̀ tí Britain ń ṣàkóso, ní 1921 kò dá lórí ìwọ̀n. Orí bí àwọn ará Èkó ṣe ń ní ilẹ̀ ló dá lé: ìdílé àti àwọn ará ìlú ló ni ín, olóyè ń ṣàkóso rẹ̀ fún wọn, nítorí náà owó tí ìjọba máa san gbọ́dọ̀ jẹ́ owó ẹni tó ni gbogbo ilẹ̀, kó má jẹ́ owó ẹni tó kàn ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Ọ̀gá wọnlẹ̀wọnlẹ̀ jókòó sílé ẹjọ́, ìtàn ìdílé ló sì jàre.

"Òpó ti wà nílẹ̀, ẹ̀kísíṣọ̀n ń bọ̀ lọ́nà"

Kí símẹ́ńtì tó dé, pèrègún ni àwọn baba wa ń gbìn sí ààlà, gbogbo abúlé ló sì mọ ẹni tó gbìn ín. Òpó símẹ́ńtì òde òní kò ní ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní yanrìn, símẹ́ńtì àti pákó mẹ́rin lè dá òpó mẹ́wàá kí ọjọ́ tó kan orí. Ohun tó yẹ kéèyàn wò ni lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n kọ sórí rẹ̀, nítorí wọ́n gbọ́dọ̀ bá ti inú pláànù mu, kí pláànù sì tọ́ka sí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ SURCON, ìgbìmọ̀ tí òfin 1989 dá sílẹ̀ láti máa forúkọ wọn sílẹ̀, kó sì máa bá wọn wí.

Lẹ́yìn èyí ni red copy, ẹ̀dà tí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ìpínlẹ̀. Ọ̀pọ̀ pláànù tó ń yí kiri lọ́wọ́ àwọn èèyàn kò ní èyí. Ó dára lójú, ó ní òǹtẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba kò mọ̀ pé ó wà láyé. Ẹni tó rà á lè má mọ̀ títí ọjọ́ tó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ gómìnà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kísíṣọ̀n wá nípọn ju èyí lọ. Ìjọba Èkó ti gba ilẹ̀ tó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ìlú àti abúlé láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà mìíràn, ó máa ń yọ apá kan padà fún àwọn onílẹ̀. Yíyọ náà ni ẹ̀kísíṣọ̀n, kò sì parí títí ìjọba yóò fi tẹ̀ ẹ́ jáde nínú gásẹ́ẹ̀tì rẹ̀. "Ó ń bọ̀ lọ́nà" kò ju pé ẹnì kan ti kọ lẹ́tà lọ. Lẹ́tà lè wà nínú fáìlì títí ọmọ ẹni tó kọ ọ́ yóò fi dàgbà. Èyí tó burú jù ni ilẹ̀ tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kan pàtó, bí ojú ọ̀nà tàbí ibùdó, tí wọ́n ń pè ní committed. Owó kan kò lè tún èyí ṣe, ẹnu tó bá sì ní òun mọ ẹni tó máa tún un ṣe ní Aláúsá, ibùjókòó ìjọba Èkó, ti ń purọ́.

Ohun tó ń dáàbò boni ni charting: wọnlẹ̀wọnlẹ̀ á mú kọ́ọ̀dínéètì igun ilẹ̀, wọn á gbé e sórí máàpù ìjọba, wọn á wò bóyá ó bọ́ sínú ilẹ̀ ìjọba tàbí sórí sọ́fè ẹlòmíì. Ibí yìí sì ni ọgbọ́n àrékérekè kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dáadáa. Ẹni tó ń tà á lè fún yín ní kọ́ọ̀dínéètì ilẹ̀ mìíràn tó mọ́, kí ẹ fi ṣe charting, kí èsì dáa, kí ẹ sanwó, kó wá mú yín lọ sórí ilẹ̀ tí ẹjọ́ wà. Nítorí náà, wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tiyín ni kó dé ibẹ̀ fúnra rẹ̀, kó wọ̀n ọ́n lójú yín, kó sì gbé ohun tó wọ̀n lọ. Òfin tí Èkó ṣe ní 2016 sọ títa ilẹ̀ kan fún ẹni méjì di ẹ̀ṣẹ̀ tí èèyàn lè torí rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n ẹni tó tà á kì í dá owó padà.

"Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ni gbogbo wọn"

Rárá o. Iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ń wọn ilẹ̀ tó ń ri òpó wà lábẹ́ SURCON. Ẹni tó ń díyelé ilé àti ilẹ̀, tó ń bójú tó ilé fún onílé, wà lábẹ́ ESVARBON, tí òfin 1975 dá sílẹ̀. Adíyelé kò láṣẹ láti ri òpó, wọnlẹ̀wọnlẹ̀ kò sì láṣẹ láti kọ fún báǹkì pé ilé yìí tó mílíọ̀nù báyìí. Ajẹ́ntì tó gbé káàdì méjèèjì sí àpò kan lè má ní ọ̀kankan. Ní Britain, ẹgbẹ́ RICS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London ní 1868, kó oríṣiríṣi àwọn oníṣẹ́ yìí sábẹ́ òrùlé kan, èyí sì wà lára ohun tó ń da orí àwọn ará wa tó ń fi owó ránṣẹ́ sílé rú.

"Plọ́ọ̀tì kan ni plọ́ọ̀tì kan"

Plọ́ọ̀tì kì í ṣe òṣùwọ̀n. Níbi kan, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 ni, tó jẹ́ nǹkan bí 669 sukúéà mítà. Níbòmíràn, 50 sí 100 ni, tí kò ju nǹkan bí 465 lọ. Ilé kékeré kan lè dúró sórí ìyàtọ̀ yẹn. Éékà, ní tirẹ̀, kò yí padà: nǹkan bí 4,047 sukúéà mítà ni. Ẹni tó bá gé plọ́ọ̀tì mẹ́jọ nínú éékà kan ti gé wọn kéré, tàbí kó ti ta ojú ọ̀nà mọ́ ọn. Sukúéà mítà ni kí ẹ bèèrè.

"Fóònù mi gan-an lè wọ̀n ọ́n"

Mo mọ ìdí tí èyí fi ń dùn mọ́ àwọn ọ̀dọ́. Fóònù ń mú èèyàn dé ilé àna tí kò dé rí, kí ló dé tí kò ní lè mọ igun ilẹ̀? Ní gbangba tí kò sígi tí kò sílé, GPS inú fóònù máa ń ṣìnà tó nǹkan bí mítà márùn-ún. Ilẹ̀ tí ojú rẹ̀ jẹ́ mítà 18 ni ẹ fẹ́ fi wọ̀n. Mítà márùn-ún níbí, márùn-ún lọ́hùn-ún, yàrá àlejò yín ti bọ́ sínú ọgbà aládùúgbò. Ẹ̀rọ tí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ń gbé ń gba àtúnṣe láti ibùdó kan tí wọ́n ti mọ ibi tó wà gan-an, ó sì lè dé ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà bíi mélòó kan. Irú àwọn ibùdó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ káàkiri ni wọ́n ń pè ní NIGNET.

Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Àwọn sọ́fè àtijọ́, àti púpọ̀ nínú ti ìsinsìnyí, ń ka kọ́ọ̀dínéètì wọn láti ibùdó kan tí wọ́n ń pè ní L40 ní Minna. Òǹkà mìíràn, tó bá gbogbo ayé mu, ni fóònù ń lò. Ní agbègbè Èkó, ìyàtọ̀ méjèèjì tó nǹkan bí 100 mítà. Ẹni tó bá tẹ nọ́ńbà inú pláànù sínú fóònù láìyí i padà, fóònù á mú un dé ilẹ̀ onílẹ̀, á wá máa pariwo pé wọ́n ti jí òpó òun. Irú ìjà bẹ́ẹ̀ kò ní ọ̀daràn kankan nínú, kò sì sí agbẹjọ́rò tó lè parí rẹ̀ tó ẹni tó mọ ìṣirò.

"Drone àti AI máa gba iṣẹ́ wọn"

Ìdajì òótọ́ wà nínú èyí. Ilẹ̀ tí ọmọ iṣẹ́ ń fi àdá là ní ọ̀sẹ̀ kan, drone lè ya àwòrán rẹ̀ láàárín òwúrọ̀ kan, bí ẹni tó ń fò ó bá ti gba àṣẹ lọ́wọ́ NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òfurufú, àti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ètò ààbò. Iṣẹ́ fífa ìlà lójú bébà ti lọ. Ilé ẹ̀kọ́ wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yọ́, tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1908, àti AFRIGIST ní ọgbà yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, ń kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí bàbá wọn nínú iṣẹ́ yìí kò gbọ́ rí. Ẹni tó bá gbójú lé tẹ́ẹ̀pù àti okùn nìkan, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún un, ọjà rẹ̀ ti ń kú lọ.

Ṣùgbọ́n drone kò lè rí ààlà. Ó rí ògiri, ó rí igi, ó rí òrùlé. Pé ògiri yẹn wọ ilẹ̀ ẹlòmíì ní mítà méjì, ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́, kó sì fọwọ́ sí i.

Ti àwọn adíyelé tún yàtọ̀. Ní Britain, kọ̀ǹpútà ti ń díyelé ilé fún báǹkì, nítorí pé iye tí wọ́n ta ilé wà ní gbangba lọ́dọ̀ Land Registry. Ní Èkó, ta ni yóò fún kọ̀ǹpútà ní iye tó jẹ́ òótọ́? Owó tí ìjọba ń gbà lórí ìwé ń tẹ̀lé iye ilẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń kọ iye tó kéré sínú ìwé. Irọ́ tí a kọ sílẹ̀ ni ẹ̀rọ máa kọ́.

Àwọn ará wa tó ń ra ilé ní Peckham tàbí Manchester náà ní irọ́ tiwọn: pé tí báǹkì bá ti rán ẹni tó díyelé wá, ilé ti dáa nìyẹn. Nítorí owó báǹkì lẹni yẹn ṣe wá. Ẹni tó fẹ́ mọ ara ilé gan-an ní láti sanwó fún àyẹ̀wò tirẹ̀, tí RICS pín sí ìpele mẹ́ta. Síbẹ̀, ẹjọ́ kan wà, Smith àti Eric S. Bush, tí House of Lords, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Britain nígbà náà, dá ní 1989. Obìnrin kan ra ilé ní Norwich. Ẹni tó díyelé fún àwọn tó yá a lówó kò wò ó pé wọ́n ti gé ìsàlẹ̀ símínì, ihò èéfín ilé, kúrò, tí òkè rẹ̀ sì wà láìní ohun tó gbé e dúró. Kò ju nǹkan bí ọdún kan àbọ̀ tí bíríkì fi já òrùlé wọlé. Àwọn adájọ́ ní ilé iṣẹ́ adíyelé náà jẹ ẹ́ ní gbèsè, nítorí wọ́n mọ̀ pé obìnrin náà máa gbára lé ọ̀rọ̀ wọn. Kọ̀ǹpútà tó mọ iye gbogbo ilé àdúgbò yẹn ì bá má gbójú sókè wo símínì, kò sì sẹ́ni tó lè pe kọ̀ǹpútà lẹ́jọ́.

Ohun tí RICS fúnra rẹ̀ rí nìyẹn tó fi gbé ìlànà jáde ní 2025 lórí lílo AI, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹta 2026: oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ bó bá fẹ́ lò ó, kó sì fi ojú ara rẹ̀ yẹ ohun tí ẹ̀rọ sọ wò.

Ní ti ilé níbí, ìbéèrè mẹ́ta ti tó láti bi ẹni tó bá gbé pláànù síwájú yín. Kí ni nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ wọnlẹ̀wọnlẹ̀ yìí lọ́dọ̀ SURCON? Ọjọ́ wo ni red copy dé ọ́fíìsì Surveyor-General? Minna ni àbí òǹkà àgbáyé? Bó bá ní òun á pè yín padà lórí ìyẹn, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ pè kí ẹ tó sanwó.