Eré Ìje Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́

Oríṣìíríṣìí ni eré ìje ọkọ̀. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí ó jẹ́ pé nítorí eré ìje nìkan ni a ṣe ṣe wọ́n. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó lè jókòó nínú wọn, wọn kò sì wúlò fún ohun mìíràn. Ọ̀tọ̀ ni eré ìje tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ọkọ̀ onílẹ̀kùn àti òrùlé, irú èyí tí baálé ilé fi ń gbé aya àti ọmọ rẹ̀ lọ sí òde, ni a fi ń sá a. Nítorí náà ni ó ṣe dùn mọ́ àwọn ènìyàn, nítorí ẹni tí ó wá wòran lè rí irú ọkọ̀ tirẹ̀ níbẹ̀.

Ní ọdún 1958 ni wọ́n dá ìdíje ọlọ́dọọdún sílẹ̀ fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ọkọ̀ ńlá má baà máa rẹ́ ọkọ̀ kékeré jẹ, wọ́n pín wọn sí ọ̀wọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ wọn ti tóbi tó. Ipò tí awakọ̀ bá gbà nínú ọ̀wọ́ tirẹ̀ ni ó ń fi gba máàkì. Báyìí ni ó ṣe ṣeé ṣe fún John Whitmore láti fi Mini, ọkọ̀ kékeré, gba ipò kìíní ní ọdún 1961.

Ṣùgbọ́n ètò yìí dá ìṣòro kan sílẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Jack Sears, àgbẹ̀ kan tí ó ń wa Austin, àti Tommy Sopwith, tí ó ń wa Jaguar, jọ ní máàkì 48. Àwọn kan dá a lábàá pé kí a ju kọ́bọ̀ sókè láti mọ ẹni tí ó borí. Èyí kò tẹ́ àwọn awakọ̀ náà lọ́rùn, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni wọ́n fẹ́ kí ó dájọ́, kì í ṣe oríire.

Wọ́n wá ọkọ̀ Riley méjì tí ó bára mu wá sí Brands Hatch. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Awakọ̀ kọ̀ọ̀kan yí pápá náà ká ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n pààrọ̀ ọkọ̀, tí wọ́n sì tún yí i ká ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ẹ kíyè sí ọgbọ́n tí ó wà nínú pípààrọ̀ yìí: bí ọkọ̀ kan bá tilẹ̀ yá ju èkejì lọ, àwọn méjèèjì ni yóò jọ jẹ àǹfààní rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣírò àkókò wọn pọ̀, Sears ni ó borí, ìṣẹ́jú àáyá 1.6 péré ni ó sì fi ju Sopwith lọ. Ó tún gba ipò kìíní náà ní ọdún 1963.

Irú àwọn ọkọ̀ àtijọ́ wọ̀nyí kò tíì di ohun ìgbàgbé. Ní ọdún 1998, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àpéjọ kan ní Goodwood níbi tí a ti ń fi wọ́n sáré. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀kọ́ ni ọ̀rọ̀ Sears àti Sopwith jẹ́ fún wa: bí a bá dán olúkúlùkù wò bákan náà, ẹni tí ó borí yóò gba ògo láìsí àríwísí, ẹni tí ó pàdánù kò sì ní rí ẹjọ́ rò.