Ọ̀rá rọ̀, kẹ́ẹ̀gì le: kí ló fa ìyàtọ̀?

Ní Ajégúnlẹ̀, ẹni tó ń ṣa ike tà kì í dúró de onímọ̀ kẹ́míìsì. Ó tẹ ike lọ́wọ́, ó gbọ́ bó ṣe dún, ó sì mọ àpò tí yóò jù ú sí.

Síbẹ̀, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń pọn omi, ọmọ ìyá ni wọ́n. Polyethylene ni méjèèjì sábà máa ń jẹ́: kábọ́ònù àti háídrójìn, kò sí ẹ̀kẹta. Kábọ́ònù wọ̀nyí so kọ́ra, wọ́n di ẹ̀wọ̀n gígùn tí ojú lásán kò lè rí. Inú ọ̀nà tí ẹ̀wọ̀n náà gbà tò ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ti ọ̀rá yọ ẹ̀ka síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹ̀ka yìí kò sì jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ra. Ẹ di igi ìgbálẹ̀ pọ̀, yóò dúró gbọnin. Ẹ di ẹ̀ka igi eléwé pọ̀, àlàfo ni yóò kún inú rẹ̀. Ti kẹ́ẹ̀gì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ẹ̀ka rárá, wọ́n fún mọ́ra, ó sì le. Kúbíkì sẹ̀ǹtímítà kan ọ̀rá wọn nǹkan bíi gíráàmù 0.92, ti kẹ́ẹ̀gì wọn 0.95. Ìyàtọ̀ yẹn kéré lórí òṣùwọ̀n, ṣùgbọ́n ọwọ́ mọ̀ ọ́n.

Èyí tó ní ẹ̀ka ló kọ́kọ́ dé. Eric Fawcett àti Reginald Gibson ṣèèṣì rí i ní iléeṣẹ́ ICI nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1933. Ó di 1953 kí Karl Ziegler tó rí ọ̀nà àtiṣe ẹ̀wọ̀n tó lọ tààrà ní Jámánì. Òun àti Giulio Natta ará Ítálì ló jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1963.

Ìgò omi àti ti mínírà kò sí nínú ẹbí yìí. Ike mìíràn tí wọ́n ń pè ní PET ni wọ́n. Òrùka kábọ́ònù mẹ́fà-mẹ́fà wà nínú ẹ̀wọ̀n tiwọn, òrùka náà kì í tẹ̀, ìyẹn ni ìgò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fi ń dúró. Àmọ́ bí ooru bá ti kọjá nǹkan bí 70 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lṣíọ́ọ̀sì, ẹ̀wọ̀n náà á bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹni tó bá ti da omi gbígbóná sínú ìgò bẹ́ẹ̀ rí ti mọ bó ṣe ń súnkì.

Ìgò yìí ni àwọn òbí kó lọ sí Morit International School ní Ajégúnlẹ̀ láti fi san owó ilé-ìwé ọmọ, nínú ètò RecyclesPay tí African Cleanup Initiative dá sílẹ̀. Wọ́n á yọ́ ike kí wọ́n tó lè fi ṣe nǹkan tuntun, ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì ń yọ́ ní nǹkan bí 130, PET ní nǹkan bí 250. Bí wọ́n bá yọ́ wọn pọ̀, wọn kì í wọra, ohun tó bá jáde á kàn máa kán ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó ìgò jọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki ọ̀rá àti kẹ́ẹ̀gì bọ àpò kan náà pẹ̀lú rẹ̀.