Ọkọ̀ Òfuurufú Tí Kò Níbọn: Bí Ikọ̀ 540 Ṣe Ń Fi Kámẹ́rà Jagun

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ikọ̀ 540 ti ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń wọ Jámánì lọ láìmú ìbọn kankan dání. Kámẹ́rà ló wà nínú ikùn ọkọ̀ wọn. Oṣù Kẹwàá ọdún 1942 ni wọ́n dá ikọ̀ náà sílẹ̀ ní Leuchars, ní Scotland. Mosquito, tí wọ́n fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ̀ mọ́ra kàn, ni wọ́n ń gbé fò, ẹni méjì ló sì ń wọ̀ ọ́: awakọ̀ àti afọ̀nàhàn. Bí ọ̀tá bá yọ, eré ni ààbò wọn. Wọ́n sì ní láti máa ṣọ́ ìlà funfun bí èéfín tí ọkọ̀ ń fà sẹ́yìn lókè téńté, torí òun ló máa ń tú wọn fó.

Kí lèèyàn wá lè rí láti ẹsẹ̀ bàtà 30,000? Ìṣirò rẹ̀ ò le. Bí àyè tó wà láàárín lẹ́ńsì àti fíìmù bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3, ẹ fi 3 pín 30,000. Ohun gbogbo á kéré ní ìlọ́po 10,000. Mítà 10 lórí ilẹ̀ á di mìlímítà 1 péré lórí fótò.

Ọgbọ́n tí wọ́n wá dá sí i ni pé kámẹ́rà ń ya fótò léraléra, èyí tó tẹ̀ lé e sì ń tún ilẹ̀ tó ju ìdajì ti àkọ́kọ́ lọ yà. Wọ́n á tẹ́ méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á fi awò olójú méjì wò ó: ojú ọ̀tún wo ọ̀kan, ojú òsì wo èkejì. Lójú ẹsẹ̀, ilé àti igi á dìde dúró lórí pépà. Òjìji náà wúlò: ẹni tó bá mọ wákàtí tí wọ́n ya fótò lè fi gígùn òjìji ṣírò bí nǹkan ṣe ga tó.

Bí ọkọ̀ bá ti balẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ yẹ fótò wò ní pápá ọkọ̀ níbẹ̀, nítorí ọkọ̀ ojú omi tó fẹ́ ṣí kúrò ní èbúté kò ní dúró dè wọ́n. Lẹ́yìn náà ni fótò ń lọ sí Medmenham, ibùdó àwọn ayẹ̀fótò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí kálukú ti ní ohun tó mọ̀ dunjú. Constance Babington Smith ni ọ̀gá àwọn tó ń wo ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá ọdún 1943, John Merifield, awakọ̀ kan nínú ikọ̀ 540, àti afọ̀nàhàn rẹ̀ forí lé Berlin, àmọ́ ìkùukùu ti bo ìlú náà. Wọn ò fẹ́ padà lọ́wọ́ òfo, ni wọ́n bá yà sí etíkun Baltic, wọ́n ya Peenemünde, níbi tí àwọn Jámánì ti ń dán ohun ìjà tuntun wò. Ó jọ mí lójú pé ìkùukùu ló fi wọ́n mọ̀nà. Nínú fótò yẹn, Babington Smith rí àtẹ̀gùn dídagun kan tó kọjú sókun, tó jọ irú èyí tí àwọn Jámánì ń kọ́ káàkiri àríwá Faransé. Nǹkan kékeré kan tó rí bí àgbélébùú wà lórí rẹ̀: V-1 ni, bọ́ǹbù tó ń fò láìní awakọ̀. Apá rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 5. Nínú ìṣirò wa yẹn, kò tó hóró gàrí kan.

Kí oṣù Kejìlá tó parí, bọ́ǹbù ti ń rọ̀ sórí àwọn ibùdó tí irú àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀ wà ní àríwá Faransé. Àwọn Jámánì wá yí ọwọ́ padà: wọ́n ṣe ibùdó mìíràn tó rọrùn, tó sì ṣòro láti dá mọ̀ láti òkè. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ta V-1 àkọ́kọ́ sí London ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà ọdún 1944.