Láàbù Àdúgbò àti Èsì Hòmóònù

Lára ohun tí láàbù àdúgbò ń kọ sójú pátákó ní Abúlé Òkúta, láàárín ibà àti táífọ́ọ̀dù, àyẹ̀wò hòmóònù ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ká mi lára jù. Àwọn tó ń wá ọmọ ló ń sanwó rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mú ìwé dókítà kankan dání.

Ẹ wo DHEA-S, hòmóònù akọ tí ẹṣẹ́ orí kíndìnrín ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ tọkùnrin tobìnrin. Obìnrin tí irun ń hù lágbọ̀n, tí nǹkan oṣù rẹ̀ sì ń ṣe ségesège, ni dókítà sábà máa ń ní kó lọ ṣe é. Bó bá kọjá 700 µg/dL, dókítà á fẹ́ mọ̀ bóyá kókó wà lára ẹṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ó ń dín kù bí ọjọ́ orí ti ń gòkè, nítorí náà, iye tó dára fún ẹni ọdún 25 lè pọ̀ jù fún ẹni 60. Láàbù mìíràn ń fi µmol/L kọ ọ́: 300 ti ibí á di bíi 8 níbẹ̀. Ẹni tó gbé èsì méjèèjì dání á ní ara òun ti yá, nígbà tí nǹkan kan ò yí padà.

Láàbù kékeré tí kò ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò yìí á fa ẹ̀jẹ̀, á yí i kí omi rẹ̀ yà sọ́tọ̀, á fi í ránṣẹ́ sí láàbù ńlá. Èyí kò burú, bí wọ́n bá kọ orúkọ ibi tó lọ sára èsì.

Òfin ọdún 2003 ló fi Medical Laboratory Science Council of Nigeria ṣe alábòójútó iṣẹ́ láàbù. Ní Èkó, HEFAMAA, àjọ ìpínlẹ̀ náà, ń yẹ ibi ìtọ́jú àdáni wò pẹ̀lú. Àwọn dókítà onímọ̀ pathology ní àwọn ló yẹ kó túmọ̀ èsì, àwọn onímọ̀ láàbù ní iṣẹ́ àwọn ni lábẹ́ òfin. Wọ́n ti ń fà á tipẹ́. Ní tèmi, ipò ni wọ́n ń jà sí jù. Ta ló ń bá obìnrin tó gba èsì lórí káńtà sọ̀rọ̀?

Kí àwọn òṣìṣẹ́ láàbù tó gún un lábẹ́rẹ́, ó yẹ kí wọ́n bi í lọ́jọ́ orí, kí wọ́n bi í bóyá ó ń lo oògùn DHEA tí àwọn kan fi ń wá ọmọ, torí ó máa ń gbé èsì sókè. Kí wọ́n bi í nípa oògùn irun àti èékánná pẹ̀lú: biotin inú rẹ̀ lè da àwọn ẹ̀rọ kan rú. Kí wọ́n sì mọ dókítà tó máa ka èsì náà kí wọ́n tó gbowó.