Irun Tí Òógùn Kò Lè Bà Jẹ́

Olóòtú ní kí èmi náà wá kọ nǹkan sí ojú ìwé òwò lẹ́ẹ̀kan yìí, nítorí pé àwọn tó ń ta ilé àti àwọn tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ sílé ló máa ń gba gbogbo ibẹ̀. Onídìrí ni mí. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń dirun gba owó ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Mo kọ́kọ́ háyà àga nínú ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì, kí n tó wá gba tèmi. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kò pọ̀: owó tí obìnrin ná sórí irun kò yẹ kó máa dí i lọ́wọ́ eré ìdárayá, owó sì wà níbẹ̀ fún onídìrí tó bá mọ bí yóò ṣe tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Mọ̀mí kan wà nínú ẹgbẹ́ wa, wọ́n ti fún mi láyè láti sọ ọ́, bí n kò bá ti dárúkọ wọn. Dókítà sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, pé kí wọ́n máa rìn kíákíá, kí wọ́n sì máa lọ sí kíláàsì eré ìdárayá tó wà ládùúgbò wọn. Wọ́n lọ fún nǹkan bí oṣù méjì, ara wọn sì ń yá. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan tí a ó ṣe ayẹyẹ ọdún ẹgbẹ́, wọ́n wá sọ́dọ̀ mi. Mo fi àtáṣímẹ́ǹtì di irun wọn wẹ́wẹ́, wákàtí mẹ́fà gbáko, £120. Bí wọ́n ṣe ń dìde lórí àga ni mo sọ ohun tí gbogbo àwa onídìrí máa ń sọ: "Mọ̀mí, ẹ má jẹ́ kí omi kàn án o. Ẹ má sì laágùn púpọ̀, kó má baà tètè wú."

Wọ́n ní, "Ṣé kí n má lọ sí kíláàsì mi mọ́ nìyẹn?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ fi sílẹ̀ ná, Mọ̀mí, títí a ó fi ṣe ayẹyẹ tán."

A ṣe ayẹyẹ tán. Irun ṣì wà lórí, £120 sì wà lórí pẹ̀lú rẹ̀. Wọn kò padà sí kíláàsì náà fún oṣù mẹ́jọ. Ìgbà tí wọ́n tún wá jókòó lórí àga mi, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń lò ti di oríṣi méjì. N kò sọ pé irun ló fà á, èmi kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n wọ́n wo ojú mi nínú díńgí, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣebí ìwọ lo ní kí n má laágùn." Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní.

Kì í ṣe àárín wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní 2011, Regina Benjamin, ẹni tó jẹ́ ọ̀gá àgbà dókítà ìjọba Amẹ́ríkà nígbà náà, lọ síbi ìpàtẹ ńlá tí Bronner Bros. máa ń ṣe fún àwọn onídìrí ní Atlanta. Ó bá wọn sọ ọ́ lójúkojú pé irun wà lára ohun tí àwọn obìnrin fi ń yẹra fún eré ìdárayá. Àwọn kan bínú, wọ́n ní ṣé iṣẹ́ dókítà ìjọba ni ọ̀rọ̀ irun. Lójú tèmi, ó mọ ẹni tó yẹ kó bá sọ̀rọ̀. Obìnrin lè má rí dókítà rẹ̀ fún ọdún kan, ṣùgbọ́n onídìrí rẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí i. Ní ìparí 2012, àwọn dókítà awọ ara ní yunifásítì Wake Forest, ní North Carolina, gbé ìwádìí kan jáde. Obìnrin aláwọ̀ dúdú 103 ni wọ́n bi léèrè. Bíi 38 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní àwọn ti sá fún eré ìdárayá rí nítorí irun. Níbí yìí, NHS ní kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá tó níwọ̀n fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ń bá àwa aláwọ̀ dúdú jà ju àwọn òyìnbó lọ.

Ó dáa, ojú ìwé òwò la wà, ẹ jẹ́ ká ṣírò owó. Ká ní ẹ di irun £120, ẹ sì fẹ́ kó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. £15 lọ́sẹ̀ nìyẹn. Tí ẹ bá ń laágùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, tí ẹ kò sì fọ̀ ọ́ nítorí pé ẹ ń dáàbò bò ó, orí yóò máa yún yín, irun yóò máa rùn, ẹ ó sì tú u ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. Ó ti di £30 lọ́sẹ̀. Ẹni tó di irun ara rẹ̀ lásán, láìfi àtáṣímẹ́ǹtì sí i, ní £25, tó sì tú u lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, £12.50 ló ná lọ́sẹ̀, ó sì fọ orí rẹ̀ dáadáa nígbà tó tú u. Irun tó wọ́n kọ́ ló ń pa owó yín, bí kò ṣe irun tó wọ́n tí kò bá ìgbé ayé yín mu.

Èwo ló wá bá òógùn mu? Ẹ má bínú, ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe ni mo padà sí. Irun kíkó ni mo fi ṣe àkọ́kọ́. Ẹ mọ̀ ọ́n, òwú dúdú tí wọ́n ń yí mọ́ irun láti ìdí dé ṣóńṣó. Ọ̀pọ̀ nínú wa sá fún un nígbà tí a dé ìlú òyìnbó, nítorí ó rí bí irun ọmọ ilé ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: awọ orí wà ní gbangba, afẹ́fẹ́ ń wọ ibẹ̀, ẹ lè fi aṣọ tútù nu àárín irun lẹ́yìn tí ẹ bá laágùn, ọwọ́ kan ni ẹ ó sì fi tú u. Bí ẹ bá tú u, irun ti nà láìfi iná kàn án. Àwọn ọmọbìnrin tó ń lọ sí jíìmù ń kó o ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, wọ́n ń dé fìlà lé e lọ sí jíìmù, wọ́n sì ń tú u ní ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n bá ń lọ òde. Ṣùkú náà dára, nítorí gbogbo irun ló kóra jọ sókè, kò sí èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ọrùn tó ń laágùn. Pàtẹ́wọ́ àti kòlẹ́sẹ̀ kò burú, tí kò bá ti le jù. Ibi líle yẹn ni mo ń bá àwọn onídìrí ẹlẹgbẹ́ mi jà sí. Irun tó fa ojú sókè, tí ẹ kò lè sùn nítorí rẹ̀, tí ẹ tún wá fi rọ́bà so pọ̀ láti lọ sáré, irun ẹ̀gbẹ́ etí àti iwájú orí ni yóò kọ́kọ́ lọ. Tó bá pẹ́ jù, kò ní hù mọ́. Àwọn dókítà awọ ara ní Amẹ́ríkà tilẹ̀ ní kí irun dídì má ju oṣù méjì sí mẹ́ta lọ lórí.

Iyọ̀ wà nínú òógùn. Tí omi inú rẹ̀ bá gbẹ, iyọ̀ náà ń kù sórí awọ, òun ló ń mú kó máa yún, tó sì ń mú irun gbẹ. Kò pọn dandan kí ẹ fi ṣáńpù fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tàbí lọ́sẹ̀ méjì méjì tó fún irun tiwa. Lójọ́ mìíràn, omi lásán ti tó, kí ẹ sì fi òróró díẹ̀ pa ṣóńṣó irun. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé gbígbẹ ṣe pàtàkì ju fífọ̀ lọ. Irun dídì tó tutù tí ẹ wé gèlè lé lórí, tí ẹ sì sùn lé, òun ló ń rùn bí aṣọ tí a ká ní tútù. Ẹ jókòó lábẹ́ diráyà títí ìdí irun yóò fi gbẹ. Tó bá jẹ́ àtáṣímẹ́ǹtì ni, ẹ kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi tó ní fínígà díẹ̀ kí ẹ tó fi dirun, nítorí nǹkan tí wọ́n fi ń pa á láti ilé iṣẹ́ ń mú orí ẹlòmíì yún. Ní àkókò eré, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ di iwájú orí, kí ó fa òógùn náà mu. Tí ẹ bá parí, ẹ yọ ọ́, ẹ wé sílíìkì tàbí sátínì lé e fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tẹ́.

Ẹ̀yin tó ń lo rìlásà, irun tuntun tó ń hù lábẹ́ ni òógùn ń mú wú, ibi tí tuntun àti àtijọ́ ti pàdé ló sì ń já. Ẹ má fi kóòmù fa ibẹ̀ ní gbígbẹ. Ẹ má sì wá ṣe rìlásà ní ọjọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ laágùn tí ẹ sì họ orí yín, yóò jó yín. Irun tí a fi iná nà, kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀, bí omi bá kàn án, yóò ká padà. Ẹ fi iná sílẹ̀ fún ọjọ́ òde. Ní ti wíìgì, ẹ bọ́ ọ sílé.

Ìlúwẹ̀ẹ́ nìkan ló tún yàtọ̀. Kílórínì tí wọ́n ń dà sínú omi yẹn ń mú irun gbẹ bí koríko. Ẹ fi omi ẹ̀rọ mímọ́ rẹ irun kí ẹ tó wọlé, ẹ fi kọndíṣọ́nà pa á, irun tó ti mu omi tán kò ní lè mu omi kílórínì púpọ̀ mọ́. Ẹ ṣan án ní kété tí ẹ bá jáde. Ní ti fìlà, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tó yẹ kí gbogbo oníṣòwò inú wa gbọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Toks Ahmed-Salawudeen àti Michael Chapman (orúkọ àkọ́kọ́ yẹn kò ṣàjèjì sí etí wa), ti dàgbà kí wọ́n tó lọ kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Wọ́n rí obìnrin kan tí fìlà kò gba irun rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí yẹn ni wọ́n fi dá ilé iṣẹ́ Soul Cap sílẹ̀ ní 2017, fìlà ìlúwẹ̀ẹ́ tó ní àyè fún irun dídì, dàda àti irun tó pọ̀. Ní 2021, FINA, àjọ tó ń ṣàkóso ìlúwẹ̀ẹ́ lágbàáyé, kọ̀ kí wọ́n lò ó ní Olíńpíìkì Tokyo, wọ́n ní kò tẹ̀lé bí orí ṣe rí. Gbogbo ayé pariwo. Alice Dearing, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó wẹ̀ fún Britain ní Olíńpíìkì, wà lára àwọn tó ń bá ilé iṣẹ́ náà ṣiṣẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án 2022, FINA fọwọ́ sí fìlà náà. Ṣọ́ọ̀bù ìrun ti wà ní Rye Lane tipẹ́tipẹ́ kí èyí tó ṣẹlẹ̀, gbogbo wa ló sì ń rí àwọn obìnrin tí fìlà kò gbà. Àwọn méjì tí kì í ṣe onídìrí ló rí owó níbẹ̀.

Èmi náà wá gbìyànjú tèmi. Nínú ṣọ́ọ̀bù, àyè kì í sí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ṣùgbọ́n ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú, èmi àti àga òfìfo la jọ máa ń wo ara wa, bẹ́ẹ̀ owó ilé kò dúró. Mo wá kọ ọ́ sára gíláàsì pé ní ọjọ́ méjèèjì yẹn, láti agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́jọ, mo ń fọ irun dídì, mo sì ń gbẹ ẹ́, láìtú u, £20, ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Oṣù àkọ́kọ́, ẹni méjì péré ló wá, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ àbúrò mi. Mo ra diráyà kejì tí èèyàn ń jókòó sábẹ́ rẹ̀, nítorí ẹni tó ti jíìmù bọ̀ kò fẹ́ dúró. Ó lé ní ìdajì ọdún kó tó gbéra. Ní báyìí, ẹni márùn-ún tàbí mẹ́fà ló ń wá ní ìrọ̀lẹ́ kan, irun wọn ń pẹ́ lórí, wọn kò sì bínú sí £120 mọ́. Àwọn tó ń sáré parkrun ní Burgess Park ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ Àbámẹ́ta náà ti mọ̀ mí, ọ̀fẹ́ ni eré yẹn, ẹ wo bí ẹ ó ṣe dé ibẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ kọ́ṣẹ́ yìí, láti 2021 ni wọ́n ti fi irun tiwa kún ìlànà iṣẹ́ ìdìrí ní Ìlú Ọba, ẹ bèèrè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yín bóyá wọ́n ń kọ́ ọ lóòótọ́ kí ẹ tó sanwó.

Mọ̀mí ti padà sí kíláàsì wọn. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni wọ́n ń wá sọ́dọ̀ mi, irun kíkó ni wọ́n ń ṣe, wọ́n sì máa ń mú òwú tiwọn wá láti ilé, wọ́n ní tèmi ń já. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kó irun, lọ́kùnrin lóbìnrin, mo ń kọ́ni lẹ́yìn ìpàdé oṣooṣù, nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Ẹ mú òòyà, òwú àti orí ẹnìkan dání.